Shikikin Yàtọ̀ sí Reikin: Lẹ́tà sí Ọmọ Mi Tí Ó Ń Wá Ilé ní Japan

Ayọ̀mídé ọmọ mi,

Mo rí fọ́tò ìwé tí ejẹ́ǹtì fún ọ ní Kawaguchi, mo sì rí i pé yachin nìkan ni o fàlà sí nídìí. Yachin ni owó ilé oṣooṣù, ṣùgbọ́n kanrihi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń gbà fún ìtọ́jú àtẹ̀gùn, iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àyíká ilé. Oṣooṣù ni òun náà. Nítorí náà, pa méjèèjì pọ̀ kí o tó sọ pé ilé kan wọ́n ju èkejì lọ.

Shikikin àti reikin ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ yẹ̀ wò jù, nítorí pé mo fi ọ̀kan pe èkejì nígbà tí mo wà níbẹ̀. Shikikin dà bí owó tí a ń pè ní kọ́ṣọ̀n ní Ìbàdàn: bí o bá ń kó jáde, onílé yóò yọ gbèsè àti owó àtúnṣe ohun tí o bà jẹ́, yóò sì dá ìyókù padà. Owó ọpẹ́ fún onílé ni reikin, kì í padà. Èmi rò pé méjèèjì ni yóò padà, mo sì ti fojú sí owó náà láti fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú wálé. Ìyá rẹ ló lọ yá owó níbí kí n tó lè wọkọ̀. N kò fẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ sí ìwọ.

Ká ní yachin rẹ jẹ́ 60,000 yen, tí shikikin jẹ́ owó ilé oṣù kan, tí reikin náà jẹ́ ti oṣù kan, tí o san oṣù àkọ́kọ́ ṣáájú, tí ejẹ́ǹtì sì gba chūkai tesūryō (owó iṣẹ́ ejẹ́ǹtì) oṣù kan pẹ̀lú owó orí ọjà, èyí tí òfin kò gbà kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, 246,000 yen ti lọ nìyẹn, kí a tó dárúkọ adójútòfò iná àti owó hoshō gaisha, ilé-iṣẹ́ tí yóò ṣe onídùúró rẹ. Béèrè kōshinryō pẹ̀lú, ìyẹn owó tí a ń san láti tún àdéhùn ilé ṣe nígbà tí ó bá parí. Lágbègbè Tokyo àti Saitama, wọ́n sábà máa ń gbà á ní ọdún méjì méjì.

Nígbà tí o bá ń kó jáde, wọn yóò sọ̀rọ̀ genjō kaifuku, ìyẹn dídá ilé padà sí bí ó ṣe wà. Má jẹ́ kí ó dẹ́rù bà ọ́: láti oṣù kẹrin ọdún 2020 ni òfin wọn ti kọ ọ́ gbangba pé ayálégbé kò ní san owó ohun tí ó gbó nítorí lílò ojoojúmọ́, bí i ògiri tí oòrùn pa láwọ̀ dà. Síbẹ̀, ya fọ́tò gbogbo yàrá lọ́jọ́ tí o bá wọlé, kí o sì wá ọ̀rọ̀ náà tokuyaku nínú àdéhùn, nítorí abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ àwọn owó àkànṣe bí i ti ìmọ́tótó ilé sí.

Kí o tó fọwọ́ sí ohunkóhun, dé ọ́fíìsì UR, àjọ ìjọba tí ń fi ilé háyà. Wọn kì í gba reikin, owó ejẹ́ǹtì tàbí kōshinryō, wọn kì í sì í béèrè onídùúró. Wọ́n ní ilé ní Shibazono, ní Kawaguchi níbẹ̀. Fi iye tí wọ́n bá sọ ránṣẹ́ sí mi, kí a jọ fi wé ti ejẹ́ǹtì yìí lálẹ́ Sátidé.

Èmi ni bàbá rẹ.