Ààrò Màmá àti Àwọn Ẹyẹ Etí Òkun

Àkúrẹ́,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà ní Groningen? Ìbejì ńkọ́? Ẹ kú òtútù o. Ọyẹ́ ń jà níbí náà, ètè gbogbo wa ti la, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀yin ò ní ka tiwa sí nǹkan kan.

Mo rí fọ́tò àwọn ẹyẹ Waddenzee, etí òkun ẹlẹ́rẹ̀ tó wà lápá àríwá ọ̀dọ̀ yín ní Netherlands, tí o fi ránṣẹ́. O ní UNESCO ti kọ ibẹ̀ mọ́ ohun-ìní gbogbo ayé láti 2009, o wá ń bi mí pé kí ló dé tí ìjọba tiwa ò ṣe ọgbà yí àbàtà Ìlàjẹ ká, kí wọ́n sì ri pátákó mọ́lẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Jẹ́ kí n dá ẹ lóhùn, torí ọ̀dọ̀ màmá rẹ ni mo ti ń bọ̀.

Mo gba Òrè àti Òkìtìpupa dé Igbókòdá, mo wọ ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀. Omi ti fà nígbà tí a ń kọjá lẹ́bàá àwọn igi ẹ̀gbà tí òyìnbó ń pè ní mangrove, gbòǹgbò wọn ta sókè nínú ẹrẹ̀. Mo rí ẹyẹ kan níbẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, ẹnu rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bíi dòjé. Ó ki ẹnu bọ ihò, ó fa akàn yọ, ó gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì títí ẹsẹ̀ akàn fi já dànù, ó sì gbé ìyókù mì káló. Whimbrel ni àwọn òyìnbó ń pè é. Àríwá Yúróòpù ló ti ń pamọ; tí òtútù bá ti ń bọ̀, á kọrí sí etí òkun Áfíríkà. Ó lè jẹ́ pé orí ilé yín ló gbà kọjá. Ẹnikẹ́ni ò sì bi í ní físà!

Màmá kí ẹ. Wọ́n ṣì ń yan ẹja, èéfín ò jẹ́ kí n rí ojú wọn dáadáa. Igi ẹ̀gbà yẹn náà ni wọ́n ń dá, torí iná rẹ̀ gbóná, ó sì máa ń pẹ́. Bẹ́ẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ni ọmọ ẹja ń sá sí, òun ló sì ń di ẹrẹ̀ mú kí ìgbì má bàa kó o lọ. Tí a bá gé e tán, akàn ò ní ilé, ẹyẹ ò ní oúnjẹ. Màmá mọ èyí jù mí lọ. Wọ́n kàn ní, "Kí ni kí n wá fi yan ẹja?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Má sì rò pé àwọn tó ń ṣẹ́gi nìkan ló fà á. Ní apá Awóyè ní Ìlàjẹ, ojú omi tí wọ́n gbẹ́ nítorí iṣẹ́ epo ló jẹ́ kí omi iyọ̀ ráyè wọnú igbó tí omi rẹ̀ ò níyọ̀, tí igi fi kú sórí ìdúró. Ayétòrò tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947 ńkọ́? Òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ níbẹ̀. Ẹni tí òkun ń lé kúrò nílé, tí o wá gbé pátákó ẹyẹ síwájú rẹ̀, á ní o ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ní ti ìwé, Nàìjíríà wà nínú àdéhùn Ramsar lórí ìtọ́jú àbàtà, èyí tí wọ́n ṣe ní Iran ní 1971. Ibi 11 la ní lórí àkójọ wọn, kò sí ẹyọ kan ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni mo láṣẹ, ìdí ààrò ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Ghana ní ààrò alámọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Chorkor, orúkọ àdúgbò kan ní Accra. Wọ́n máa ń to àwo ẹja léra lórí rẹ̀, iná kan ṣoṣo á yan gbogbo rẹ̀, igi tó ń jẹ ò sì tó ti àtijọ́. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún màmá. Wọ́n ní kí n mú un wá kí àwọn fojú rí i, ọ̀rọ̀ ẹnu ò yan ẹja.

Nítorí náà, tí o bá fẹ́ fi owó ṣe nǹkan kan fún àwọn ẹyẹ yẹn, fi ránṣẹ́ kí a bá màmá mọ ọ̀kan. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ń bọ̀ wálé láti ọ̀dọ̀ yín, bá mi fi awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn rán an. Àlòkù náà dára.

Bá mi kí Bàbá Ìbejì.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Bùnmi