Ẹ̀yin tó fẹ́ wọ ráálì, ẹ má tíì ra ẹ́ńjìnnì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn mọ́tò ní Sùúrùlérè, Mushin àti Yaba bí ọ̀rọ̀ ráálì, ìyẹn ìdíje mọ́tò lójú ọ̀nà ìlú, bá ti délẹ̀: ẹ́ńjìnnì wo ló yẹ káwọn rà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi àyè sílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín ká lè dá wọn lóhùn.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ ná. Ráálì ọlọ́jọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí ọ̀nà ìlú tí ìjọba dí, ẹni tí mọ́tò rẹ̀ kò bá dé òpin kò ní nǹkan kan láti gbà níbẹ̀. Ní 1972, wọ́n sá ráálì Bandama ní Côte d'Ivoire, kò sì sí mọ́tò kan ṣoṣo tó parí rẹ̀. Owó tí ẹ fẹ́ kó lé ẹ́ńjìnnì, bíréèkì, ìdábòòbò ara àti afinimọ̀nà (ẹni tó ń jókòó ti awakọ̀ láti ka ọ̀nà fún un) ni kí ẹ kọ́kọ́ ná an sí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gbogbo ọ̀nà ni wọ́n ń dí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abala ìdíje nìkan ni wọ́n ń dí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń fi aago wọn eré. Láàárín abala kan sí èkejì, ojú títì gbogbo ayé lẹ ó gbà, tẹ̀yin ti dánfó, ọ̀kadà àti ọlọ́pàá, òfin ìrìnnà sì de olùdíje bó ṣe de awakọ̀ yòókù. Wọ́n á fún yín ní káàdì àkókò tó sọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ ní láti fi dé ibùdó àyẹ̀wò àkókò kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ òfin FIA, àjọ tó ń darí ìdíje mọ́tò lágbàáyé, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi pẹ́ yóò fi ìṣẹ́jú-àáyá 10 kún àkókò yín. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi yá jù yóò fi odidi ìṣẹ́jú kan kún un. Ìyà ẹni tó yá jù fi ìlọ́po mẹ́fà ju ti ẹni tó pẹ́ lọ! Awakọ̀ Èkó tó ti mọ́ lára láti gba one-way kó lè yára dé, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò jìyà: ọlọ́pàá á mú un, káàdì náà á sì mú un.

Ẹ lè fi èyí kọ́ra láìná kọ́bọ̀ lé ohunkóhun ju epo lọ. Ẹ mú ìrìn láti Ojúẹlẹ́gba lọ sí Badagry, kí afinimọ̀nà yan ìṣẹ́jú tí ẹ gbọ́dọ̀ dé, ẹ jẹ́ kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ wà nínú ìṣirò, kí ẹ sì dé ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an. Bí ẹ bá tètè dé, ẹ dúró ṣáájú ibẹ̀. Nínú ráálì, ẹ lè wọ àgbègbè ibùdó ní ìṣẹ́jú tó ṣíwájú tiyín, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọ́dọ̀ na káàdì sí òṣìṣẹ́ títí aago yóò fi bọ́ sí ìṣẹ́jú yín.

Ó wá kan bíréèkì. Lórí abala tó ní kọ́nà púpọ̀, ooru láti ara páàdì máa ń gba inú ọ́ìlì bíréèkì. Bí ọ́ìlì náà bá hó, èéfín á dé inú páìpù rẹ̀, èéfín sì ṣeé tẹ̀ ní pẹrẹsẹ. Ẹsẹ̀ yín á kanlẹ̀, mọ́tò ò ní dúró. DOT àti nọ́ńbà ara ike ni wọ́n fi ń mọ irú ọ́ìlì bíréèkì. Ọ́ìlì DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó di 230°C, ṣùgbọ́n bó bá ti fa omi mu, òfin gbà kó hó ní 155°C. DOT 5.1 jẹ́ 260°C nígbà tó gbẹ, 180°C nígbà tó ti fa omi. Afẹ́fẹ́ Èkó tutù fún ọ̀rinrin láti òwúrọ̀ dalẹ́, ìdí nìyẹn tí a ò fi gbọ́dọ̀ lo ike ọ́ìlì tí ẹnìkan ti ṣí sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ra tuntun tó ṣì ní ìdè lẹ́nu, ẹ fà á gba ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí àwọ̀ rẹ̀ á fi mọ́ tí ìfófòó ò sì sí mọ́. Ẹ má ṣe da DOT 5 mọ́ ọn, sílíkónì ni ìyẹn, kì í bá DOT 4 pò. Bí ẹ bá sì ra dísìkì tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀, ẹ wo etí rẹ̀, wọ́n máa ń tẹ iye tó kéré jù tí nínípọn rẹ̀ lè jẹ́ síbẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà MIN TH. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó. Táyà pẹ̀lú: nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT ní ara rẹ̀ ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀, 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019.

Àgò irin inú mọ́tò, èyí tó ń gba èèyàn là bí mọ́tò bá yí, ni ibi tí ọkàn wa ti máa ń bàjẹ́ jù. A ń rí àwọn tó ń fi páìpù omi tàbí páìpù sálẹ́ńsà wẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Páìpù bẹ́ẹ̀ ní ojú ìlẹ̀pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ibẹ̀ ni yóò sì ya nígbà tí mọ́tò bá yí. Irin tí FIA fọwọ́ sí fún òpó àárín, èyí tó yí ká lẹ́yìn àga iwájú, jẹ́ irin tí kò ní ojú ìlẹ̀pọ̀, tí wọ́n fà ní tútù: fífẹ̀ rẹ̀ 45 mm tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ 2.5 mm, tàbí 50 mm tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ 2 mm. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó lórí awo irin pẹlẹbẹ tí wọ́n wẹ́ẹ̀dì mọ́ ara mọ́tò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àgò náà á gún ilẹ̀ mọ́tò jáde. Ẹ má sì ra àkoto tòkunbọ̀ láé. Fóòmù inú àkoto ìdíje ń rún lẹ́ẹ̀kan péré láti gba orí là. Bó bá ti rún, òde rẹ̀ lè máa dán bíi tuntun kó má lè gba ẹnikẹ́ni mọ́. Ìdábòòbò ọrùn tí wọ́n ń pè ní HANS ń bá àkoto rìn ni, ẹ má ya wọ́n sọ́tọ̀ nítorí owó.

Afinimọ̀nà kì í ṣe ọ̀rẹ́ tó kàn ń bá yín jókòó. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbà yín láyè láti wo abala kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì nínú àwọn ráálì ńlá, pẹ̀lú ìwọ̀n eré òfin. Ní àkọ́kọ́, awakọ̀ á máa sọ, afinimọ̀nà á máa kọ. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, afinimọ̀nà á máa kà, awakọ̀ á máa tún un ṣe. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni láti fi 1 pe kọ́nà tó ká jù, kí 6 jẹ́ èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́, kí ẹ fi iye mítà sáàárín: “ọ̀tún mẹ́rin, ọgọ́rin, òsì méjì, má gé e.” “Má gé e” ni fún ibi tí gọ́tà tàbí òkúta wà nínú kọ́nà. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́, nítorí òógùn máa ń nu bírò. Bí afinimọ̀nà bá sọ ojú ìwé nù, kó kígbe pé “mo sọ ọ́ nù” lójú ẹsẹ̀, kí awakọ̀ sì dín eré kù títí yóò fi rí ibi tí wọ́n dé. Ẹni tó bá ń méfò, ó lè pa ẹni méjì.

Ìjàǹbá ń ṣẹlẹ̀ nínú eré yìí. Ráálì Targa Tasmania ní Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ ní 1992 lórí ọ̀nà ọlọ́dà tí wọ́n dí. Olùdíje mẹ́ta kú níbẹ̀ ní 2021, ẹnìkan tún kú ní 2022, wọ́n sì dá a dúró. Nítorí náà ẹ há àwọn ìgbésẹ̀ yìí sórí. Bí mọ́tò yín bá dúró nínú abala, ẹ gbé C-caution síta, ó kéré tán 50 mítà sẹ́yìn mọ́tò, níhà ibi tí àwọn yòókù ti ń bọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kan náà. Bí kò sí ẹni tó farapa, ẹ na káàdì OK sí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá nílò dókítà, káàdì SOS pupa, àmì ìpè fún ìrànlọ́wọ́, ni kí ẹ nà. Ẹni tó bá rí SOS, tàbí tó rí ìjàǹbá ńlá tí àwọn èèyàn ṣì wà nínú mọ́tò láìsí OK, gbọ́dọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀. Mọ́tò kejì tó bá débẹ̀ á lọ sọ fún ibùdó rédíò tó kàn. Àkókò tí ẹ pàdánù níbẹ̀, àwọn alákòóso lè dá a padà fún yín.

Lálẹ́, wọ́n máa ń ti mọ́tò mọ́ ọgbà tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Táyà tó ń jo díẹ̀díẹ̀ tàbí bátìrì tó ti rẹ̀, ojú yín ló máa kú sí láàárọ̀. Ẹ wá a kí àkókò àtúnṣe ìrọ̀lẹ́ tó tán.

Ẹni tí kò tíì lówó mọ́tò, kó lọ ṣe olùṣọ́ ọ̀nà. Gbogbo oríta, gbogbo géètì tó kọjú sí abala ìdíje ló ń fẹ́ èèyàn kan tó ní fèrè lọ́wọ́, tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá, ìbáà jẹ́ ìyá oníṣòwò tó ní ọjà òun ń bàjẹ́, títí mọ́tò tó ń gbá ọ̀nà lẹ́yìn gbogbo wọn yóò fi kọjá. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́ ti lè rí ìlà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n wà ń gbà wọ kọ́nà, tí yóò sì rí ìdí tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n fi ń já sí gọ́tà.

Àwa tá a ń tún mọ́tò ìdíje ṣe,
Mushin, Èkó.