Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì lórí Ìfẹ́ Ọlọ́run

Ìbàdàn.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Bàbá Ìbejì, mo sì kí àwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù, ẹ kú àfaradà ilẹ̀ àjèjì. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níhìn-ín, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì rí i nínú rẹ̀ pé ọkàn rẹ kò balẹ̀. O ní ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ìfẹ́ Ọlọ́run ni pé kí ẹ kó ẹrù yín padà wá sílé, tàbí pé kí ẹ ṣì dúró sí Birmingham. Pé ẹ ti gbààwẹ̀, ẹ ti ṣe ìṣọ́ òru, ẹ sì ti gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ìránṣẹ́ Ọlọ́run mẹ́ta lọ. Ọ̀kan ní kí ẹ máa bọ̀, ọ̀kan ní òun rí ẹ̀jẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ̀kẹta sì ní kí ẹ kọ́kọ́ gbin irúgbìn owó kí òun tó lè ríran dáadáa. O wá bi mí pé èwo ni kí o gbà gbọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

N kò ní bá ọ yan ọ̀kankan nínú wọn. Mo fẹ́ kí ìwọ àti Bàbá Ìbejì jókòó ti ìwé Jeremáyà, láti orí 41 títí dé orí 43. Lẹ́yìn tí àwọn ará Bábílónì ti wó Jerúsálẹ́mù, tí Iṣmaeli ọmọ Netaniah sì ti pa Gedaliah tí ọba Bábílónì fi jẹ ajẹ́lẹ̀, ẹ̀rù ba àwọn tó ṣẹ́kù ní ilẹ̀ Júdà. Johanani ọmọ Karea kó wọn jọ, wọ́n sì tọ Jeremáyà lọ pé kí ó bá àwọn béèrè ọ̀nà tí àwọn yóò tọ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wọ́n fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí pé, ìbáà ṣe rere, ìbáà ṣe búburú, àwọn yóò gbọ́ràn. Ọjọ́ mẹ́wàá kọjá kí èsì tó dé, èsì náà sì yé ọmọdé: ẹ dúró sí ilẹ̀ yìí, ẹ má bẹ̀rù ọba Bábílónì, ẹ má lọ sí Íjíbítì. Wọ́n dá wòlíì lóhùn pé irọ́ ló ń pa, pé Baruku akọ̀wé rẹ̀ ló ń tì í. Ni wọ́n bá kó ẹrù wọn, wọ́n kó Jeremáyà fúnra rẹ̀ mọ́ ẹrù, ó di Tafanesi ní ilẹ̀ Íjíbítì.

Ẹsẹ tí mo fẹ́ kí o fi ara balẹ̀ kà jù lọ ni ẹsẹ 17 nínú orí 41. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ Jeremáyà rárá, wọ́n ti pàgọ́ sẹ́bàá Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, Íjíbítì ni wọ́n sì kọjú sí. Wọ́n ti mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Àṣẹ tí yóò ti ohun tó wà lọ́kàn wọn lẹ́yìn ni wọ́n wá gbà. N kò fi yín wé àwọn wọ̀nyẹn o, ọ̀rẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè, ẹ̀yin méjèèjì, kí ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ mìíràn: bí Ọlọ́run bá ní kí ẹ dúró, ṣé ẹ ó lè dúró láìkùn? Bí ó bá sì ní kí ẹ máa bọ̀, pẹ̀lú bí nǹkan ṣe gbówó lórí nílé báyìí, ṣé ẹ ó bọ̀? Jésù sọ ọ́ nínú Jòhánù orí 7 ẹsẹ 17 pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìfẹ́ Ọlọ́run ni yóò mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ náà ti ọ̀dọ̀ Rẹ̀ wá. Fífẹ́ láti ṣe é ló ṣáájú, mímọ̀ ló tẹ̀ lé e. Àwa a máa fẹ́ kí ó kọ́kọ́ fi hàn wá, kí a lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá wa lára mu.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ìfẹ́ Ọlọ́run kò sì pamọ́. Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ sí àwọn ará Tẹsalóníkà ní kedere pé ìfẹ́ Ọlọ́run ni pé kí wọ́n jẹ́ mímọ́, kí wọ́n sì máa dúpẹ́ nínú ohun gbogbo. Obìnrin kan wà nínú ìjọ wa tó ń ta gàrí. O mọ̀ bí àwọn kan ṣe máa ń lu ìdí kóńgò títí yóò fi wú sínú, tí ẹni tó sanwó kóńgò mẹ́wàá kò fi ní gbé mẹ́wàá pé délé. Ọjọ́ tí a ka Òwe orí 11 ní ẹ̀kọ́ Bíbélì, níbi tó ti ní ìwọ̀n èké jẹ́ ìríra lójú Olúwa, kò sọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó ra kóńgò tuntun, ó dà á dé kí àwọn oníbàárà rẹ̀ lè fọwọ́ pa ìdí rẹ̀ wò, ó sì ń wọn gàrí fún wọn títí ó fi rú kọjá ẹnu kóńgò. Àwọn tí wọ́n jọ ń tajà bínú sí i pé ó fẹ́ ba ọjà jẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́, èrè rẹ̀ sì dínkù. Kò sí ẹni tó ríran sí i kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Èyí ló máa ń mú mi ronú kan Àjàyí Crowther. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1845 ni òun àti àwọn òyìnbó ajíhìnrere méjì, Townsend àti Gollmer, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, Abẹ́òkúta sì ni wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n gbọ́kàn lé, ti papò dà, ọ̀nà sì dí. Ó lé ní ọdún kan tí wọ́n fi dúró sí etí òkun. Crowther kò káwọ́ gbera: ó ń wàásù, ó ń ṣe ìtumọ̀ Ìwé Mímọ́ sí èdè wa, nítorí iṣẹ́ tí a rán an kò ní kí ó dé Abẹ́òkúta kí ó tó ṣe é. Nígbà tí ọ̀nà là ní ọdún 1846, tó sì dé ibẹ̀, ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ Àfàlá ti wá a rí, ẹni tí ogun ti yà á nípa láti ọdún 1821. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ní ọdún 1848, a ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà. Gbogbo ìgbà tí ó fi wà ní Àgbádárìgì, kò mọ̀ pé ìyá òun ló wà níwájú.

Ìyá Ìbejì, má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Láti ìgbà ìsìnkú Bàbá yín, ìwọ àti àbúrò rẹ kò bá ara yín sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí ọ̀rọ̀ ilé. Mo wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó sọ ohun tí kò yẹ kó sọ níwájú ẹbí, mo sì mọ bó ṣe dùn ọ́ tó. Ṣùgbọ́n Mátíù orí 5 ní bí ẹni tó mú ọrẹ wá síbi pẹpẹ bá rántí pé arákùnrin òun ní nǹkan sí òun, kí ó fi ọrẹ sílẹ̀ níbẹ̀, kí ó kọ́kọ́ lọ bá a làjà. Kò sọ pé kí ó wádìí ẹni tó jẹ̀bi. Àṣẹ yìí ti wà lọ́wọ́ rẹ tipẹ́, o kò sì nílò wòlíì kankan kí o tó ṣe é. Ó nira, mo gbà. Olúwa wa pàápàá gbàdúrà ní Gẹtisémánì títí òógùn rẹ̀ fi dà bí ẹ̀jẹ̀ kí ó tó di pé ó gba ago náà.

Ní ti ìrìn àjò, ẹ wo bí Pọ́ọ̀lù àti àwọn tó bá a rìn ṣe ṣe é nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 16. Ẹ̀mí kò jẹ́ kí wọ́n wàásù ní Éṣíà, kò sì gbà wọ́n láàyè ní Bitinia. Wọn kò jókòó sunkún, wọ́n ń bá ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ lọ títí wọ́n fi dé Tíróásì. Lẹ́yìn tí Pọ́ọ̀lù sì rí ìran ará Makedóníà, Lúùkù kọ ọ́ pé gbogbo wọn ló gbà pé Ọlọ́run ló pè wọ́n. Nítorí náà, ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì tún ṣírò owó yín, kí ẹ gbọ́ tẹnu àwọn ọmọ, kí ẹ rí i pé ìwọ àti ọkọ rẹ fohùn ṣọ̀kan. Ní ti ẹni tó ní kí ẹ gbin irúgbìn kí òun tó ríran, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Nọ́ńbà tí àbúrò rẹ ń lò tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń lò. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń ráyè. Èmi náà ti ń wádìí owó ilé ẹ̀kọ́ tó súnmọ́ wa, kí ẹ lè mọ iye tí yóò ná yín bí ẹ bá máa bọ̀, màá sì fi ránṣẹ́ bí mo bá ti rí i gbà. Bá mi kí Bàbá Ìbejì dáadáa.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,

Ìyá Bọ́lá.