Lẹ́tà sí Bọ̀dá Mi, Nítorí Àga Tó Ṣófo ní Wembley

Bọ̀dá mi,

Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni mo rà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ rántí pé oṣù kẹjọ ọdún 2023 lẹ wá sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹ sì ní kò sí nǹkan tí ẹ fẹ́ ṣe lọ́jọ́ Sunday tó gbẹ̀yìn. Mo ní kí ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí Wembley, pápá ìṣeré ńlá yẹn, pé ìjàkadì wà níbẹ̀. Ẹ wò mí, ẹ ní: "Ṣé o ṣì ń wo irọ́ yẹn?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo se ọbẹ̀ kalẹ̀ fún yín, mo sì dá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ. Báàgì mi ni mo gbé sórí àga yín.

Mi ò tíì sọ fún yín rí pé ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an ni, kì í sì í ṣe torí owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní nǹkan yìí.

Ẹ jẹ́ n rán yín létí. Ilé wa ní Òkè-Àdó, n'Íbàdàn, tẹlifíṣọ̀n tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti yọ, tó jẹ́ pé páláyà la fi ń yí i. Owó oúnjẹ ọ̀sán yín lẹ fi ń háyà kásẹ́ẹ̀tì fídíò, ẹ ó sì ki í sábẹ́ ẹ̀wù wọlé kí Màmá má bàa rí i. Èyí tí a wò jù ni SummerSlam, ìjàkadì ńlá àwọn òyìnbó, ti ọdún 1992, tí wọ́n ṣe ní Wembley àtijọ́, tí wọ́n ní èèyàn 80,355 ló wá. Mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ dáadáa, ẹ̀yin lẹ ń túmọ̀ fún mi. Ẹ ní ọkùnrin onírun gígùn yẹn, Bret Hart, àti alágbára tí wọ́n ń pè ní British Bulldog, àna ara wọn ni wọ́n: Diana, àbúrò Bret, ni Bulldog fẹ́. Ẹ ní kí n wo obìnrin náà níbi tó jókòó sí, pé kò mọ ẹni tí òun máa gbè lẹ́yìn, ṣé ọkọ ni àbí ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí Bulldog borí, tí Bret kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, tó wá padà wá dì mọ́ ọn, tí Diana sì bọ́ sáàárín wọn, ẹkún ni mo bú sí. Ẹ̀yin náà sunkún. Ẹ ní èéfín ló kó sí yín lójú.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá Kékeré wá kí wa, wọ́n bá wa nídìí ẹ̀. Wọ́n dúró wò ó fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n ní: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ò mọ̀ pé wọ́n ti fẹnu kò lórí ẹni tó máa borí kí wọ́n tó jáde ni? Eré ni wọ́n ń ṣe." Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni yín. Ẹ dìde, ẹ yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, ẹ sì lọ dá a padà, bẹ́ẹ̀ ó ṣì ku ọjọ́ méjì tí a ti sanwó fún. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ ò jókòó tì mí wò ó mọ́. Mo rò nígbà yẹn pé èmi ni mo ṣẹ̀ yín.

Bàbá Kékeré ò parọ́. Àṣírí náà ti tú kí kásẹ́ẹ̀tì yẹn tó dé Òkè-Àdó rárá. Ní 1989, ilé iṣẹ́ tó ni SummerSlam fẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ New Jersey pé eré ìgbádùn lòun ń ṣe, kì í ṣe ìdíje, kí ìjọba má bàa máa ṣọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ àwọn tó ń kan ẹ̀ṣẹ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Wembley kún fọ́fọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn yẹn mọ̀. Wọ́n mọ̀, wọ́n sì lọ.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n bi yín: ta ló kọ́kọ́ mú wa lọ wo ìjàkadì lójúkojú? Bàbá Kékeré yìí kan náà ni. Ọ̀fà, ọdún ìjàkadì. Láti Ìkìrun ni wọ́n ti ń fi oríkì kì wá nínú mọ́tò: Ìyèrú Ọ̀kín, Ọlọ́fà Mọjọ̀, ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Èrò pọ̀ débi pé èjìká yín lẹ gbé mi kọ́ kí n lè ríran. Ìlù ń dún, ọba jáde, ọba àti ìjòyè gbá ara wọn mú. Kò sẹ́ni tó wá síbẹ̀ láti wò bóyá ọba máa fẹ̀yìn lélẹ̀. Ọmọdé Ọ̀fà gan-an mọ̀ pé kì í ṣe ìjà. Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe dìmú báyìí, Bàbá Kékeré figbe ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa títí ohùn wọn fi há. Mo bojú wolẹ̀ látorí èjìká yín, mo rí omi lójú wọn. Ẹ ò lè rí i, torí èmi ni mo wà lókè. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ fún yín báyìí.

Ó pẹ́ kí n tó so ọjọ́ méjèèjì pọ̀. Bàbá Kékeré ti kú kí n tó ráyè bi wọ́n léèrè.

Ohun mìíràn tún wà tí ẹ ò mọ̀ nípa kásẹ́ẹ̀tì wa yẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni Bret Hart fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Ó ní kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí Bulldog gbàgbé gbogbo ohun tí àwọn méjèèjì ti jọ là sílẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ṣófo, níwájú gbogbo èrò yẹn, nílẹ̀ bàbá rẹ̀. Bret ló ń sọ ọ́ sí i létí, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, títí wọ́n fi parí. Ó gbé àna rẹ̀ dé ìdí bẹ́líìtì tí olúborí ń gbà, ó sì fẹ̀yìn ara rẹ̀ lélẹ̀ fún un. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo padà lọ wo ìjà náà. Ẹ wo ìgbàkígbà tí Bret bá fi apá dí i lọ́rùn, tí orí méjèèjì sún mọ́ra. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń kọjá. A wò ó tó ogún ìgbà, a ò rí i. Ẹ̀yin lẹ sì máa ń sọ ìdáhùn sí mi létí nígbà tí Bàbá bá ní kí n wá ka àkọ́sórí, ẹ ó ṣe bí ẹni ń tún kọ́là mi ṣe.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ bá rí ká ní ẹ jókòó sórí àga yẹn. Wọ́n ti wó Wembley àtijọ́, ojú ibẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ tuntun yìí sí, tí wọ́n ṣí ní 2007. Ilé iṣẹ́ All Elite Wrestling ló ṣe ti ọjọ́ yẹn, tíkẹ́ẹ̀tì 81,035 ni wọ́n sì kéde. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Saraya, ọmọ Norwich, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ oníjàkadì, tí òun náà sì wọ rìǹgì lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá. Ọrùn rẹ̀ bà jẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Ní 2018 ó dúró níwájú gbogbo ayé, ó sunkún, ó ní òun ò lè jà mọ́. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ló padà. Lọ́jọ́ yẹn ní Wembley, ó gba bẹ́líìtì àwọn obìnrin, àwọn ẹbí rẹ̀ sì wà lẹ́bàá rìǹgì. Mo rí i lójú àwòrán ńlá bó ṣe lọ dì mọ́ ìyá rẹ̀. Bóyá wọ́n ti fẹnu kò lé e lórí tẹ́lẹ̀, bóyá wọn ò fẹnu kò, ọrùn yẹn ò bá ẹnikẹ́ni fẹnu kò.

Àmọ́ kì í ṣe Wembley ni mo fẹ́ràn jù. Ó jìnnà jù, ojú àwòrán lèèyàn ń wò. York Hall ni tèmi, ní Bethnal Green, gbọ̀ngàn tí wọ́n ti kọ́ láti ọdún 1929, tó jẹ́ pé ilé ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ni àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ ọ́n sí. Odò ìwẹ̀ wà nínú ilé kan náà. Bálíkónì yí i ká, èrò tó wà níbẹ̀ á tẹ̀ síwájú bí ẹni fẹ́ já bọ́. Ẹgbẹ̀rún èèyàn àti díẹ̀ ló ń gbà, kò sì sí ibi tí èèyàn jókòó sí tí kò ní gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí Will Ospreay, ọmọ Essex, bó ṣe ń fò lójú òfuurufú bí ẹyẹ lékeléke, kó tó di pé mo tún rí i ní Wembley bí ẹni tó kéré tó eèrà.

Ilẹ̀ rìǹgì tí ẹ̀ ń rò pé ó rọ̀ yẹn, pákó ni wọ́n tò sórí irin. Fóòmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà lórí pákó, kánfáàsì ló bo ìyẹn. Bí èèyàn bá fẹ̀yìn balẹ̀ lórí ẹ̀, àga tí ẹ jókòó lé á mì. Bí wọ́n bá la ọwọ́ mọ́ ẹnìkan láyà, gbàù, kí ẹni tó lu ú tó padà sẹ́yìn, ìka márààrún ti hàn pupa lára rẹ̀. Mo ti jókòó ní ìlà kejì rí tí òógùn tó ta sókè balẹ̀ sí mi lórí gèlè. Gèlè yẹn ṣì wà.

Ibì kan tó kéré ju York Hall lọ, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ni mo ti rí èyí tí mo fẹ́ sọ fún yín gan-an. Àwa bí igba la wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ni kí a kórìíra òun, gbogbo alẹ́ ló fi ń bú wa, ó tilẹ̀ já ìwé tí ọmọdé kan kọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fà á ya. Ó gbé ẹnì kejì sókè láti orí okùn, ó jù ú. Bó ṣe balẹ̀ kò dáa. Rẹfirí kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ ọwọ́ rẹ̀. Bí ara bá dá, ẹni tó wà nílẹ̀ á fún ọwọ́ rẹfirí. Mo ti mọ èyí tipẹ́, ojú mi wá wà lára ọwọ́ yẹn. Ọwọ́ náà ò mira. Rẹfirí dìde, ó fi apá méjèèjì dábùú ara wọn lókè orí, ìyẹn ni pé eré ti tán, kí dókítà máa bọ̀. Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́, ẹni tó ń bú wa gan-an ò rí nǹkan kan sọ mọ́.

Ó gbọ́dọ̀ jáde bí ẹni burúkú tó jẹ́. Kò lè kúnlẹ̀, kò lè pe orúkọ ẹnì kejì rẹ̀. Bó ṣe ń kọjá nídìí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó fi ìka méjì kan imú bàtà ọkùnrin náà, ó fi wọ́n síbẹ̀ díẹ̀, ó sì lọ. Mi ò rò pé èèyàn mẹ́wàá ló rí i. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n kéde pé ara ẹni tó fara pa ti ń yá. Àwọn méjèèjì tún ti jọ jà látìgbà yẹn, mo sì wà níbẹ̀.

Bọ̀dá mi, ìka méjì yẹn ni mò ń sanwó lọ wò.

Ẹ ò tíì gbọ́ ti àwọn ọmọ wa. Tolúlọpẹ́ Omogbehin, Èkó ni wọ́n bí i sí, ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ, Omos ni wọ́n ń pè é nínú rìǹgì. Ní WrestleMania, ìjàkadì tó tóbi jù nílé iṣẹ́ tó ni SummerSlam, ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ní Tampa, òun àti AJ Styles gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Xavier Woods àti Kofi Kingston tí wọ́n bí ní Gánà. Ìjà àkọ́kọ́ rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n nìyẹn! Èkejì tún wá dé, ọmọ Èkó náà ni, Isaac Odugbesan, tó ń ju irin ní Yunifásítì Alabama kó tó wọ iṣẹ́ yìí. Bẹ́líìtì North American ti NXT, ẹ̀ka àwọn tó ń gòkè bọ̀ nílé iṣẹ́ kan náà, tó gbà ní oṣù kìíní 2024, ọjọ́ 273 ló fi wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó dì í mú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn tó kọ́kọ́ gba ìyẹn, ó gba bẹ́líìtì NXT gan-an. Ẹ mọ orúkọ tó ń jẹ́? Oba Femi. Àwọn òyìnbó á dìde dúró, wọn á máa pè é, "Ọba". Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, orí mi wú, oríkì tí Bàbá Kékeré ń kì wá láti Ìkìrun ló sọ sí mi lẹ́nu.

Ẹ ní oṣù kẹwàá lẹ tún ń bọ̀. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì ní York Hall, ìlà kejì ni. Ẹ mú ẹ̀wù òtútù tó nípọn dání, torí a máa tò síta lójú pópó kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Màá se mọ́ínmọ́ín sílẹ̀ tí a máa jẹ tí a bá padà délé. Kò pọn dandan kí ẹ pariwo bí kò bá wù yín. Àmọ́ tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, tí ẹnìkan bá ti fi apá dí ẹnì kejì lọ́rùn, ẹ má wo ojú wọn. Ẹ wo ọwọ́ wọn.

Èmi ni,
Àbúrò yín