Dáadáa kì í ṣe "good" nígbà gbogbo

Ìta Fájì, Èkó.

Àdùkẹ́ mi,

Mo ti ka lẹ́tà ìwáṣẹ́ tí o fẹ́ gbé lọ sí Marínà. Kò burú, àmọ́ má tíì fi ránṣẹ́. Ní ìlà kẹta, o kọ "I work hardly". Ohun tí o ń sọ fún ọ̀gá ibẹ̀ ni pé o kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣiṣẹ́ rárá! "I work hard" ni kí o kọ. Ìtumọ̀ "hardly" yàtọ̀ sí tirẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ jọra. Bẹ́ẹ̀ náà ni "late" àti "lately": ẹni tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ mú lórí Third Mainland dé "late", "lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí" ni "lately" ní tirẹ̀.

Ibi tí èdè wa ti ń ṣì wá lọ́nà jù ni "good" àti "well". Dáadáa wa ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì: a ní ọmọ dáadáa, a sì ní ó ń kọ̀wé dáadáa. Òyìnbó ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni "good", ọ̀rọ̀ orúkọ ló ń bá rìn: "a good typist". Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni "well", ọ̀rọ̀ ìṣe ló ń pọ́n: "She types well". Nítorí náà, pa "I write good" ti ìlà karùn-ún rẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ ìlera, "well" máa ń di àpèjúwe: "Grandma is well".

-ly ló sábà máa ń sọ àpèjúwe di àpọ́nlé, àmọ́ má wá torí èyí so ó mọ́ ìdí gbogbo ọ̀rọ̀ o. Àṣìṣe àwọn tó ń ṣọ́ra jù nìyẹn. "Look", "smell", "taste", "sound" àti "feel" sábà máa ń sọ bí nǹkan ṣe rí. Fi "is" rọ́pò wọn wò. "The stew smells good": "The stew is good" náà mọ́gbọ́n dání, "good" ló jàre. Bí o bá kọ "The stew smells badly", o ti fún ọbẹ̀ ní imú, imú náà ò sì tún gbóòórùn! Àmọ́ wo kọ́ńdọ́ inú dánfó. "He looked angry": ojú rẹ̀ le. "He looked angrily at me": ó fi ìbínú wò mí nítorí ṣéńjì. "Is" kò lè dúró níbẹ̀, ni -ly fi ráyè wọlé.

"Friendly" àti "lonely" ní -ly nídìí, síbẹ̀ àpèjúwe ni wọ́n. Má kọ "He spoke friendly". "In a friendly way" ni. "Fast" kì í gba -ly rárá.

Tún un kọ lálẹ́ òní, kí o kà á sókè kí o tó lọ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan ṣì wà ní ìlà kẹjọ tí mi ò ní fi hàn ọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ