Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí ẹ̀kọ́ ìṣúná ìgbà ooru ní Lọ́ńdọ̀nù

Bódìjà,
Ìbàdàn.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú ìmúrasílẹ̀ ìdánwò. Mo ti ka ìwé tí o fi ránṣẹ́ nípa ètò ẹ̀kọ́ ìṣúná ọlọ́sẹ̀ márùn-ún tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù láti oṣù Keje wọ oṣù Kẹjọ. Mo tún un kà, nítorí pé owó tí wọ́n ń béèrè kì í ṣe owó kékeré, bàbá rẹ sì ti ń sọ pé kí a kàn san án kí ọkàn ọmọ lè balẹ̀. Èmi kò ní kí a má san án. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni bóyá ó bá ìwọ gan-an mu, torí pé ètò lè dára púpọ̀ kó má sì jẹ́ ti ẹni tó fẹ́ lọ.

Bí a bá yọ àwòrán àwọn ọmọ tó wọ kóòtù níwájú ilé gíga Canary Wharf, àdúgbò àwọn báńkì ní Lọ́ńdọ̀nù, kúrò nínú ìwé náà, iṣẹ́ tó kù nínú rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹ ó jókòó sídìí Excel, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, láti àárọ̀ di alẹ́, ẹ ó kọ́ bí a ṣe ń lò ó láìfọwọ́ kan máòsì, ẹ ó so àkọsílẹ̀ èrè àti òfò, bálánsì ṣíìtì (àkọsílẹ̀ ohun ìní àti gbèsè) àti àkọsílẹ̀ owó tó wọlé tó jáde mọ́ra wọn, débi pé bí ẹ bá yí nọ́ńbà kan padà nínú ọ̀kan, àwọn méjì yòókù yóò yí tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá máa díwọ̀n ohun tí ilé-iṣẹ́ kan tó lónìí, nípa ṣíṣírò owó tí a retí pé yóò mú wọlé ní àwọn ọdún tó ń bọ̀. Ibi tó ń dá àwọn ọmọ dúró nínú ẹ̀kọ́ yìí ni ọ̀rọ̀ èlé: èlé tí ilé-iṣẹ́ ń san dúró lórí gbèsè tó jẹ, gbèsè tó lè san padà dúró lórí owó tó ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́, owó tó ṣẹ́ kù sì dúró lórí èrè tí wọ́n ti yọ èlé yẹn kan náà kúrò nínú rẹ̀. Excel yóò máa yí po lójú kan, yóò sì pariwo pé nǹkan kò lọ bó ṣe yẹ.

Ní báńkì tí mo ti ṣiṣẹ́, bí apá méjèèjì ìwé ìṣirò owó kò bá dọ́gba nírọ̀lẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa láti ṣe ni pé kí a fi mẹ́sàn-án pín ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn. Bí ó bá pín láìṣẹ́kù, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti gbé nọ́ńbà méjì fún ara wọn, kó kọ 540 síbi tí 450 yẹ kó wà. Bí o bá ka èyí tí ọwọ́ rẹ ń wá bírò láti dán an wò, mo rò pé iṣẹ́ náà wà lára rẹ. Bí ó bá sì ti sú ọ kí o tó kà á tán, má ṣe fojú fo ìyẹn náà, nítorí pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni wọn yóò fi máa bá yín sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀kọ́ náà "le bí iṣẹ́ gidi ṣe le". Iṣẹ́ gidi le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2021, àwọn òṣìṣẹ́ ọdún àkọ́kọ́ 13 ní báńkì Goldman Sachs ṣe ìwádìí láàárín ara wọn, wọ́n sì rí i pé wákàtí 95 ni àwọn ń ṣe lọ́sẹ̀ ní ìpíndọ́gba, tí oorun wọn kò sì ju nǹkan bí wákàtí márùn-ún lọ lóru. Ìwọ tí mo bí nínú mi, mo mọ bí oorun ṣe jẹ́ fún ọ. N kò fi èyí dẹ́rù bà ọ́. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé bí ọ̀sẹ̀ kejì nínú ẹ̀kọ́ náà bá ti ń pa ọ́ lára, ìyẹn gan-an jẹ́ ìmọ̀ tó tó owó tí a san, kàkà kó jẹ́ pé ìgbà tí o bá ti gba iṣẹ́ tán ni o máa tó mọ̀.

Ti àkókò ni mo rò pé o kò tíì rò dáadáa. Àwọn báńkì ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù kì í dúró di ọdún tí wọ́n fẹ́ lo ọmọ kí wọ́n tó gba fọ́ọ̀mù internship, ìyẹn iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́: ọ̀pọ̀ wọn ń ṣí ìforúkọsílẹ̀ láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án fún ìgbà ooru ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn mìíràn sì ń mú ènìyàn bí fọ́ọ̀mù ṣe ń dé, láìdúró de ọjọ́ ìparí. Ẹni tó ku ọdún kan kó parí Yunifásítì ni wọ́n sì ń wá jù. Ìwọ tó wà ní ọdún kìíní nínú ọdún mẹ́ta, ìgbà tí wàá wà lẹ́nu ètò ọlọ́sẹ̀ márùn-ún yìí gan-an ni fọ́ọ̀mù tó kàn ọ́ yóò jáde. Ó lè ràn ọ́ lọ́wọ́, torí pé ohun tí o kọ́ yóò ṣì wà lọ́kàn rẹ dáadáa. Ó sì lè dí ọ lọ́wọ́, bí wọn kò bá fún yín láàyè láti kọ fọ́ọ̀mù kí ẹ sì ṣe ìdánwò ìṣirò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn báńkì ń fi ránṣẹ́. Béèrè lọ́wọ́ wọn, kí o sì gba èsì náà ní kíkọ.

Tún ro owó tí o kò ní rí gbà. Físà akẹ́kọ̀ọ́ tí o ń lò kò gbà kí o ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ bá wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, ìsinmi nìkan ni o lè ṣiṣẹ́ ní kíkún. Nítorí náà, iye tó wà nínú ìwé wọn kọ́ ni iye tí ètò náà yóò ná wa. Fi owó iṣẹ́ tí ìwọ ìbá ti ṣe ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún náà kún un.

Ní ti ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń polongo, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Kò sí òfin kankan lẹ́yìn rẹ̀, kò dà bí ti ICAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó ní Nàìjíríà, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1965, kò sì dà bí CFA, ìdánwò àwọn onímọ̀ ìdókòòwò, tó jẹ́ ìpele mẹ́ta. Àwọn báńkì fúnra wọn sì ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun ní ẹ̀kọ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí ẹ máa rí rà ni ìrọ̀rùn, olùkọ́ tó ń tọ́ ọ sọ́nà, àti àwọn ẹgbẹ́ tí ẹ jọ ń lé nǹkan kan náà. Fún ọmọ tí kò ní ẹbí kankan nínú iṣẹ́ náà ní Lọ́ńdọ̀nù, èmi kò fojú kéré ìyẹn.

Kí a tó san kọ́bọ̀, ṣe èyí fún mi. Lọ gba ìwé ìṣirò ọdọọdún Tesco, ilé ìtajà ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀fẹ́ ni, kí o ṣí Excel tó ṣófo, kí o sì gbìyànjú láti so àkọsílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ fúnra rẹ. Níbi tó bá ti há ọ, Aswath Damodaran, olùkọ́ ní Yunifásítì New York, ti gbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí ìdíyelé ilé-iṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Fi ọjọ́ Sátidé méjì ṣe é. Kì í ṣe pé kí o ṣe é yanjú ni mo ń wò. Bóyá wàá padà sídìí rẹ̀ ní Sátidé kejì láìjẹ́ pé mo pè ọ́ ni.

Bí o bá padà, kọ̀wé sí wọn kí o gba àyè rẹ kí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ tó kọjá. Èmi àti bàbá rẹ yóò san owó ẹ̀kọ́, ìwọ yóò fi ohun tí o ti fi pamọ́ wọkọ̀ kí o sì jẹun, àǹtí rẹ ní Peckham sì ti sọ pé yàrá kan ṣófo lọ́dọ̀ àwọn títí di ìparí oṣù Kẹjọ. Bí o kò bá padà, sọ fún mi láìbẹ̀rù, kí n lè tètè dá bàbá rẹ dúró.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.