Àjàní, má gba power pack ọ̀fẹ́

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Àjàní ọmọ mi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mi ò gbóhùn ẹ. Owó tó o máa ń fi ránṣẹ́ sí màmá ẹ lóṣooṣù náà ò dé. Mi ò bèèrè owó o. Ẹnu àbúrò ẹ ni mo ti gbọ́ pé kọ̀ǹpútà gẹ́ẹ̀mù lo fẹ́ tò, pé gàrí lò ń mu láàárọ̀, gàrí lò ń mu lálẹ́. Ọkùnrin ọmọ ọdún 26! Ewúrẹ́ màmá ẹ bí méjì. Òrùlé yàrá ẹ ti ń jò.

Àbúrò ẹ fi lísìtì ẹ hàn mí lórí fóònù. Mo wọ jígí, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. O gbìyànjú. Ryzen 5 5600 tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, bọ́ọ̀dù B550 tó máa gbà á, RAM 16GB tó o pín sí igi méjì dípò ẹyọ kan (orí ẹ pé), káàdì àwòrán RX 6600 tòkunbọ̀. Ìyẹn, kí ẹni tó fẹ́ tà á fi gẹ́ẹ̀mù dán an wò níṣojú ẹ fún bí ìdajì wákàtí kó o tó sanwó. Ìlà ìkẹyìn ló já mi láyà: "power pack: èyí tó bá wà nínú kéèsì."

Àjàní! Power pack ló ń pín iná fún gbogbo kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n fi ṣe èènì kéèsì lo wá fẹ́ gbé gbogbo ẹrù yẹn lé lórí? Gbé e sọ́wọ́ kó o wò ó, ó fúyẹ́ bíi páálí bisikíìtì, wọ́n á sì lẹ 600W mọ́ ọn lára. Wáàtì 132 ni wọ́n kọ fún káàdì yẹn, 65 fún Ryzen. 550 tó jẹ́ ojúlówó ti pọ̀ tó.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ẹ rí. Lọ́dún 1996, obìnrin kan gbé tẹlifíṣọ̀n wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Kàpásítọ̀ ńlá ìdí iná ẹ̀, ìyẹn ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́, ti wú. Fólítì 400 ló yẹ kí n fi sí i, 350 ló wà nínú àpótí mi, mi ò sì fẹ́ náwó. Iná 220, tó bá ti di DC, ìyẹn iná tó ń ṣàn sápá kan, á lé ní 310, 350 á gbé e. Tó bá wá gòkè dé 260 ńkọ́? Ó ti kọjá 360 nìyẹn. Mo mọ̀. Mo fi síbẹ̀ náà. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, iná dé tagbáratagbára, ó bú gbàù, kọ́tínì gbiná, ọwọ́ ọmọ ẹ̀ jó. Nígbà tó wá bá mi, mo ní iná ìlú ló fà á. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì san owó iṣẹ́ tó kù. Mo gbà á.

Torí náà, pè mí kó o tó lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà ní Ọ̀tìgbà. Bówó ò bá tó, fi káàdì yẹn sílẹ̀ ná, Ryzen 5 5600G ni kó o rà dípò 5600, ìyẹn lè gbé àwòrán jáde fúnra ẹ̀. Power pack nìkan ni kó o má dín owó ẹ̀ kù. Mo ti fi nǹkan díẹ̀ sínú àkáǹtì ẹ, màmá ẹ ò mọ̀. Yọ owó ẹran níbẹ̀, ọmọ mi, gàrí yẹn ti tó.

Tó o bá ra power pack náà, má tú u o. Iná ṣì máa ń wà nínú kàpásítọ̀ lẹ́yìn tó o bá ti yọ ọ́ lára iná. Gbé e wálé kí n fọwọ́ ara mi gbé e wò.

Bàbá ẹ.